Páàtì Pọ̀, Ọwọ́ Wọ́n

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbọ́ orúkọ Deer Park lẹ́nu àìpẹ́ yìí, iná ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n: àwọn táńkì ilé iṣẹ́ ITC tó gbiná ní oṣù Kẹta 2019, tí èéfín dúdú gba ojú ọ̀run Houston. Èmi mọ ìlú náà ṣáájú ìgbà yẹn. Orúkọ Shell ṣì wà lẹ́nu géètì ilé ìfọpo tó ti wà níbẹ̀ láti 1929, àwa tí à ń ṣiṣẹ́ kọ́ńtíráàtì kiri àwọn ilé iṣẹ́ etí Highway 225 sì ń gbé àwọn ilé kéékèèké tí kò jìnnà sí Center Street. Ìlà-oòrùn Houston ni Deer Park wà, lẹ́bàá ọ̀nà omi tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Houston. Yorùbá ibẹ̀ ò tó nǹkan. Alief àti Bissonnet, lápá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston, ni àwọn èèyàn wa kóra jọ sí. Ibẹ̀ lèèyàn ti lè rí èlùbọ́ rà, kó rí ẹran ewúrẹ́, kó sì rí ẹni tó máa kí i bó ṣe yẹ. Ó lé ní ọgbọ̀n máìlì sí ọ̀dọ̀ wa. Kò sí danfo tó ń ké "Ó ku ẹnì kan!" lójú ọ̀nà yẹn. Ẹni tí kò bá ní mọ́tò, ilé ló máa jókòó sí.

Nǹkan méjì ló ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2001 tó dá ìgbà tí mò ń sọ yìí sílẹ̀. Èkíní ni òjò Allison. Omi bo àwọn òpópónà ńlá Houston, ó ya wọ ìsàlẹ̀ àwọn ilé ìwòsàn, ó sì mu ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ dé dáṣíbọ́ọ̀dù. Àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò san owó fún àwọn tó ni wọ́n, wọ́n fi tírélà kó ọkọ̀ tó mumi lọ, kò sì pẹ́ tí ọgbà akúrẹtẹ̀ gbogbo kún àkúnya. Èkejì ni fíìmù The Fast and the Furious, tó jáde ní ọjọ́ 22 oṣù náà. Àwọn Civic dúdú mẹ́ta ni àwọn olè inú rẹ̀ fi ń ja tírélà lólè lóru. Láti ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ Honda kékeré tí àwọn olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì ń gùn lọ síbi iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ di ohun tí ọ̀dọ́ Pasadena, ìlú tó bá wa pààlà, ń fi orí fọ́ àpáta lé kiri. Òjò kó páàtì jọ, fíìmù sì dá òùngbẹ ẹ̀ sílẹ̀. Àárín àwọn méjèèjì ni mo bọ́ sí, tèmi ti owó táṣẹ́rẹ́.

Ọwọ́ ọmọ ilé-ìwé kan ní San Jacinto College, èyí tó wà ní Spencer Highway ní Pasadena, ni mo ti ra Civic tèmi. Ọdún 1993 ni wọ́n ṣe é, irú èyí tí wọ́n ń pè ní CX, hatchback onílẹ̀kùn méjì. CX ni Honda ṣe fún ẹni tó fẹ́ ṣọ́ owó ná: ẹ́ńjìnnì lítà kan ààbọ̀ tí agbára rẹ̀ jẹ́ agbára ẹṣin 70 péré, jíà ọlọ́wọ́, sitiári tí kò ní páwà, kò sí éàkọ́ńdíṣọ̀n rárá. Ṣùgbọ́n ó fúyẹ́, epo tó ń jẹ kò tó nǹkan, ẹ̀yìn rẹ̀ sì wù mí. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn náà pín sí méjì: gíláàsì á lọ sókè, ìsàlẹ̀ á tẹ́ jáde, èèyàn á sì lè jókòó lé e. Bí a bá yí ìjókòó ẹ̀yìn dé, àpò ìrẹsì, páálí iṣu àti agbada ńlá á wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sì ní ìwà kan tó mú kí ọmọ yẹn tà á fún mi ní 600 dọ́là: bí oòrùn bá ti mú, kì í ṣiná.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Alief wá wò ó. Wọ́n ti wà ní Houston láti ìgbà tí wọ́n wá ka ìwé ní Texas Southern University láàárín ọdún 1980 sí 1985. Wọ́n rìn yí i ká, wọn ò fọwọ́ kàn án.

"Àbúrò, ṣé o rà á ni, àbí wọ́n sanwó fún ọ kó o gbé e lọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe ná."

"Ta ni yóò tún un ṣe?"

"Èmi náà ni, sà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí Bàbá ò jẹ́ kó o di sípánà mú rí! Ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì, ká tiẹ̀ ní o fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Tin Can, ta ni yóò rà á l'Ékòó?"

Ọ̀rọ̀ wọn lóòótọ́ nínú. Nílé wa ní Ìbàdàn, Volkswagen Ìjàpá ni Bàbá ń gùn, lára àwọn tí wọ́n tò ní Ọ̀jọ́, l'Ékòó, ní ilé iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Bí ó bá kọṣẹ́, a ò jẹ́ fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì jẹ́ ti mẹkáníìkì, iná jẹ́ ti rewáyà, ara tó tẹ̀ jẹ́ ti panẹ́ẹ̀lì bítà, ọ̀dà jẹ́ ti pẹ́ńtà, táyà jẹ́ ti fọkanáísà. Ọ̀gá kọ̀ọ̀kan ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta sí mẹ́rin tó ń gbé jáàkì, tó ń fọ nọ́ọ̀tì, tó ń sáré lọ ra omi tútù. Owó iṣẹ́ wọn kì í ga Bàbá lára. Owó páàtì ló máa ń gbé wọn dé Aráròmí ní Agodi Gate, tí wọ́n á ná an títí ohùn wọn á fi há. Lẹ́yìn tí ìjọba gbé ètò ọrọ̀ ajé SAP dé ní 1986, tí náírà já wálẹ̀, páàtì tuntun di ohun àfojúrí, tòkúnbọ̀ ló kù tí à ń rà. Mẹkáníìkì kọ́ bí wọ́n ṣe ń jó ohun tó yẹ kí wọ́n jù nù, bí wọ́n ṣe ń fi fáìlì rẹ́ ohun tí kò bá wọlé, bí wọ́n ṣe ń fi ọgbọ́n gbé ọkọ̀ dé ilé.

Houston yí ìṣirò yẹn po. Mo wakọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan pé kó bá mi pààrọ̀ táímíǹgì bẹ́líìtì àti pọ́m̀pù omi. Àpapọ̀ owó páàtì méjèèjì kò tó 80 dọ́là. Ó ní owó iṣẹ́ jẹ́ 400, lórí ọkọ̀ tí mo ra ní 600. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yé mi: nílé, ọwọ́ pọ̀, páàtì ló wọ́n; níbí, páàtì pọ̀, ọwọ́ ló wọ́n. Ẹni tí kò bá lówó nílé, ó ń wá mẹkáníìkì tó lọ́gbọ́n lórí. Ẹni tí kò bá lówó níbí, òun fúnra rẹ̀ ló máa di mẹkáníìkì, rewáyà, panẹ́ẹ̀lì bítà àti pẹ́ńtà, lórí kọnkéré iwájú ilé rẹ̀, lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́. Ohun tí mo rí kọ́ nínú gbogbo ọdún yẹn, abẹ́ òye kan yìí ló wà.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò sanra ju ìwé kan lọ: ìwé àtúnṣe Haynes, tí mo kọ́kọ́ yá ní ilé ìkàwé ìlú ní Center Street kí n tó ra tèmi. Àwọn tó ń ṣe ìwé yẹn máa ń tú odindi ọkọ̀ palẹ̀, wọ́n á tún un tò, wọ́n á máa ya fọ́tò bí wọ́n ṣe ń lọ. Nítorí náà, ibi tí ọwọ́ á ti há ni wọ́n ti kìlọ̀ fún èèyàn. Ẹni tó bá fi sùúrù kà á, kò ní nílò kí ẹnì kan na òun létí.

Àìsàn oòrùn yẹn ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Láàárọ̀, ọkọ̀ náà á ṣiná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí mo bá gbé e sínú oòrùn ọ̀sán níwájú ilé ìtajà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á máa yí, kò ní dáhùn. Tí mo bá ṣí fèrèsé sílẹ̀ tí atẹ́gùn fẹ́ sí i, á tún ṣiná bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ọmọ tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti pààrọ̀ pọ́m̀pù epo nítorí ẹ̀, kò sì yanjú. Ìwé ní kí n tẹ́tí sílẹ̀: bí èèyàn bá yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti tàn, pọ́m̀pù tó wà nínú táńkì epo gbọ́dọ̀ kùn fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá méjì. Láàárọ̀, ó ń kùn. Ní ọ̀sán, ó dákẹ́ rọ́rọ́.

Ohun tó ń gbé iná fún pọ́m̀pù náà àti fún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì ni rilé kékeré kan tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, lápá òsì ẹsẹ̀ awakọ̀. Mo dùbúlẹ̀ gbalaja, orí nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lórí ìjókòó, mo tú bóòtù rẹ̀, mo sì ṣí ìdérí rẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun. Pátákó tín-ín-rín kan ló wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi òjé lẹ àwọn ẹsẹ̀ irin mọ́. Ojú lásán ò rí nǹkan. Nígbà tí mo fi gíláàsì amúǹkantóbi wò ó lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, mo rí òrùka dúdú tí kò nípọn ju irun orí lọ, tó yí ẹsẹ̀ irin méjì ká: òjé ti sán. Nígbà tó bá tutù, irin àti òjé ṣì ń kan ara wọn. Tí ooru Texas bá mú inú ọkọ̀, ohun gbogbo á wú díẹ̀, ojú sísán yẹn á là, iná á sì já. Mo gbé irin ìjóòjé kí i, òjé àtijọ́ yọ́, ó ń dán yanranyanran, mo fi ẹyọ tuntun díẹ̀ kún un. Gbogbo owó tí mo ná sí i kò tó iye tí wọ́n ń ta àwo ìrẹsì àti ẹran kan ní Bissonnet. Àwọn Honda ìgbà yẹn tó ní àìsàn yìí kò lóǹkà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ni wọ́n tà lọ́pọ̀ nítorí ẹ̀.

Nígbà tí owó ò tó, ètò ló ń gbani. Ìlànà tí mo tẹ̀ lé kò ṣòro: ohun tó lè pa ẹni ló ṣáájú, ìyẹn bíréèkì, táyà àti àwọn búùṣì abẹ́ ọkọ̀, ohun tó lè jáni jù sójú ọ̀nà ló tẹ̀ lé e, ìyẹn bẹ́líìtì, rédíétọ̀ àti rọ́bà omi, ara rírẹwà ló kàn, eré sísá ló kẹ́yìn. Àwọn ọ̀dọ́ tí mò ń rí ní Spencer Highway, láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń ka tiwọn sókè. Ìyẹ́ ńlá á ti wà lẹ́yìn ọkọ̀, páìpù èéfín á máa hó bí ẹ̀rọ ata, bíréèkì á sì máa ké bí wọ́n bá fẹ́ dúró.

Nínú iṣẹ́ bẹ́líìtì ni mo ti mọ aládùúgbò mi dáadáa. Bàbá òyìnbó kan ni, tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ìfọpo, tí gáréèjì rẹ̀ kún fún irinṣẹ́ ju ṣọ́ọ̀bù mìíràn lọ. Bẹ́líìtì yìí ṣe pàtàkì lára ẹ́ńjìnnì náà, torí bó bá já, písítìn á gbá fáàfù, iṣẹ́ ńlá sì dé nìyẹn. Honda ní kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti rin 90,000 máìlì. Kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀, bóòtù kan ṣoṣo tó di púlì ìsàlẹ̀ mú gbọ́dọ̀ tú, bóòtù yẹn sì lókìkí láàárín gbogbo ẹni tó bá ti tú Honda rí. Bàbá náà, tí Chevrolet ni wọ́n fi gbogbo ayé wọn tún ṣe, ní kí n fi sípánà gùn ún, kí ìdí sípánà ti ilẹ̀, kí n wá fọwọ́ kan sítátà, kí agbára ẹ́ńjìnnì tú u fúnra rẹ̀. Mo ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ojú ìwé yìí." Apá ibi tí àwọn ẹ́ńjìnnì tó kù ń yí sí kọ́ ni ẹ́ńjìnnì Honda yẹn ń yí sí, bí a bá ṣe ohun tí wọ́n wí, ńṣe ni bóòtù á túbọ̀ le sí i. Bàbá wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n wọ gáréèjì, wọ́n sì gbé páìpù irin kan tó gùn tó ọkùnrin jáde. A ki sípánà bọnú páìpù, àwa méjèèjì fara tì í. Ó dún "gbàù!" débi tí ìyàwó mi fi yọjú láti fèrèsé. A rò pé irin ló kán. Bóòtù ló tú.

Páàtì ńkọ́? Ọgbà akúrẹtẹ̀ ni. Owó dọ́là kan sí méjì lèèyàn ń san lẹ́nu géètì, á gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ wọlé, ohun tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ tú ló máa sanwó fún. Lẹ́yìn Allison, èèyàn gbọ́dọ̀ mọ ọkọ̀ tó mumi kà. Ìlà ẹrẹ̀ máa ń wà lára ilẹ̀kùn, níbi tí omi dúró sí. Ohun tó bá wà lókè ìlà yẹn ṣeé mú. Gíláàsì, iná iwájú, báḿpà, bọ́néètì, ọwọ́ ilẹ̀kùn, kò sí ohun tí omi ṣe wọ́n. Kọ̀ǹpútà, wáyà, bíárìn àti ìjókòó tó ti mumi, bí wọ́n bá tiẹ̀ ní kí n gbé e lọ́fẹ̀ẹ́, màá fi í sílẹ̀. Gbogbo ohun tí omi bá ti wọ̀, ìpẹta ń bẹ lẹ́nu ọ̀nà.

Ìmọ̀ kan wà tí gbogbo aláìlówó ìgbà náà jọ ní: Acura Integra àti Civic, ilé kan náà ni wọ́n ti jáde. Ọ̀pọ̀ ohun tó wà lábẹ́ Integra ló ń wọ abẹ́ Civic láìsí pé a lu ihò kankan. Bíréèkì ẹ̀yìn Civic mi jẹ́ onílù, èyí tí kò dúró dáadáa bó bá gbóná. Mo tú apá ẹ̀yìn Integra kan pẹ̀lú bíréèkì díìsìkì rẹ̀, mo sì tún mú ti iwájú rẹ̀ tó nípọn ju tèmi lọ, pẹ̀lú fáàfù tó ń pín agbára láàárín iwájú àti ẹ̀yìn. Rọ́bà bíréèkì àti páàdì ni mo ra ní tuntun, torí wọn kì í ṣe ohun tí à ń rà ní àlòkù. Nígbà tó ku ká bílíìdì rẹ̀, ìyàwó mi ló jókòó sídìí sitiári.

"Mọ́mì, ẹ tẹ̀ ẹ́."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ dì í mú o, ẹ má tíì fi sílẹ̀."

"Dádì, ìrẹsì wà lórí iná o!"

Èmi ti wà nídìí táyà, mò ń wo afẹ́fẹ́ tó ń jáde nínú rọ́bà funfun, ó ń hó kéékèèké, títí epo bíréèkì fi ń dà geere láìhó mọ́. Ìrẹsì jóná díẹ̀ nísàlẹ̀. Bíréèkì náà dúró bí òkúta.

Iṣẹ́ ara ọkọ̀ ló gba àkókò jù. Oòrùn ti bó ọ̀dà òkè, ìpẹta sì ti ń jẹ ibi tí táyà ẹ̀yìn fi orí pamọ́ sí, níbi tí ẹrẹ̀ àti ọ̀rinrin máa ń jókòó lára irú ọkọ̀ yẹn. Mo gé ibi tó ti rà, mo fi irin tuntun dí i, mo sì fi sáńpépà àti omi ha gbogbo ara rẹ̀, láti 400 dé 1000, kí n tó fọ́n ọ̀dà. Ìyálẹ̀ta àti ìrọ̀lẹ́ nìkan ni ọ̀dà ṣeé fọ́n ní Deer Park. Bí oòrùn bá ti gbóná jù, ọ̀dà á gbẹ nínú afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀, ara ọkọ̀ á wá rí págunpàgun. Sáírìnnì ìlú tí wọ́n máa ń dán wò ní ọ̀sán Sátidé ni aago mi: bó bá ti ké, mo ti mọ̀ pé ó tó àsìkò láti gbé ọ̀dà sílẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ti mọ sáírìnnì náà dunjú. Wọ́n ti kọ́ wọn nílé-ìwé nípa Wally Wise Guy, ìjàpá àwòrán tí ìgbìmọ̀ ètò pàjáwìrì Deer Park ń lò láti kọ́ àwọn ọmọdé pé bí afẹ́fẹ́ májèlé bá tú jáde nílé iṣẹ́, kí wọ́n wọlé, kí wọ́n ti ilẹ̀kùn, bí ìjàpá ṣe ń fà wọnú ìkarahun. Mo sọ ti Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo fún un. Ó ní ìjàpá tiwọn kì í jalè.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún 2002, àyẹ̀wò èéfín ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Harris County. Kò yani lẹ́nu: Houston ti borí Los Angeles nínú afẹ́fẹ́ burúkú ní 1999. Ọkọ̀ tí ọjọ́ orí rẹ̀ wà láàárín ọdún 2 sí 24 ni ọ̀rọ̀ kàn, àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú 1996 bíi tèmi sì gbọ́dọ̀ sáré lórí rólà, kí wọ́n ki ọ̀pá sínú páìpù èéfín wọn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ti yọ kátálísítì rẹ̀ jù nù kó lè hó, ibẹ̀ ni wọ́n ti dúró. Èmi pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, wáyà iná, fílítà afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì, mo wa ọkọ̀ náà títí ẹ́ńjìnnì fi gbóná dáadáa, mo sì yà sí ibi àyẹ̀wò tààrà kó tó tutù. Ó yege.

Ìgbà yẹn ni mo tó ronú eré. Ọkọ̀ Civic Si kan, tí wọ́n fi tírélà kọlu ẹ̀yìn rẹ̀, bọ́ sí ọjà. Ẹ́ńjìnnì Si jẹ́ lítà kan àti ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá, agbára rẹ̀ jẹ́ agbára ẹṣin 125, ó sì ní VTEC: bí ẹ́ńjìnnì bá ti sáré dé ibì kan, títẹ̀ tí ọ́ìlì ń tẹ̀ á so àwọn apá tó ń ṣí fáàfù pọ̀, fáàfù á wá ṣí gbàgà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Aládùúgbò mi gbà kí n gbé e sínú gáréèjì wọn, torí akúrẹtẹ̀ ò ṣeé kó síwájú ilé. Ẹ́ńjìnnì, jíà àti kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní P28 ni mo mú. Ìyókù, láti ìjókòó dé iná iwájú, mo tà á ní wẹ́wẹ́ fún àwọn ọmọ Pasadena, díẹ̀díẹ̀ bí imú ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ń wọgbà, títí gbogbo owó tí mo fi rà á fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sápò mi. Ọjọ́ tí a gbé ẹ́ńjìnnì wọlé, kíréènì kékeré tí a yá ló gbé e, Ẹ̀gbọ́n ló ń darí rẹ̀ sókè sódò, wọ́n ká apá aṣọ wọn dé èjìká. Àwọn ẹsẹ̀ tó gbé ti àtijọ́ dúró náà ló gbé tuntun, wáyà díẹ̀ péré ni a fà kún un. Mo tún fi súìsì kékeré kan pamọ́ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tó lè gé iná pọ́m̀pù epo, torí Honda ìgbà yẹn, àwọn olè fẹ́ràn rẹ̀ ju ìyá wọn lọ.

Láàárín àwọn èèyàn wa, ọkọ̀ náà ò fún mi níyì. Ní òde ìnáwó ní Alief, Lexus àti Mercedes á tò lọ bẹẹrẹ. Èmi á bọ́ sílẹ̀ nínú hatchback, pẹ̀lú fìlà àti agbádá tí ilẹ̀kùn fẹ́rẹ̀ẹ́ há. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín náà ló máa ń bi mí léraléra lẹ́yìn jọ̀lọ́ọ̀fù pé, "Bọ̀dá, kí lẹ rò pé ó ń ṣe Camry mi tó ń kùn yìí?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irinṣẹ́ dání lọ sóde.

Ìdánwò rẹ̀ dé ní oṣù Kẹsàn-án 2005. Ìjì Katrina ti pa New Orleans run lọ́sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, owó epo sì ti ga fíofío. Nígbà tí wọ́n ní ìjì Rita ń bọ̀, ẹ̀rù ba gbogbo èèyàn, ó lé ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ èèyàn tó bọ́ sójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. A gba ọ̀nà 146, a gun afárá Fred Hartman dé Baytown, a kọjú sí Dayton àti Liberty. Ọkọ̀ ò lọ, kò bọ̀. Lábẹ́ oòrùn yẹn, àwọn ọkọ̀ ńlá tó ní éàkọ́ńdíṣọ̀n ń hó létí ọ̀nà, epo wọn tán, rédíétọ̀ wọn tú. Èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló kú nínú ìsákúrò yẹn, 23 nínú wọn jẹ́ àgbàlagbà tí bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn gbiná nítòsí Dallas. Tiwa, mo ń pa á bí ọ̀nà bá dúró, mo ń ṣí i bí ó bá sún, látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ooru inú ọkọ̀ kì í ṣe kékeré. Irú ooru yẹn gan-an ló máa ń sọ rilé di òkú. Gbogbo ìgbà tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, mo ń gbọ́ pọ́m̀pù tó kùn fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì, ẹ́ńjìnnì sì ń dáhùn. Ìyàwó mi ń fi aṣọ tútù nu ojú ọmọ, ó ní, "Ẹ sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé Lexus wọn ń bẹ ní Conroe, ó ń mí èémí ìkẹyìn." A dé Livingston pẹ̀lú epo nínú táńkì.

Ìgbà náà ti lọ. Pemex ló ni ilé ìfọpo Deer Park láti oṣù Kìíní 2022. Ọdún yẹn náà ni wọ́n ti pápá eré ọkọ̀ ní Baytown, Houston Raceway Park, tó ti wà láti 1988, níbi tí àwọn ọmọ Pasadena ti ń lọ wo ta ló yá jù. Sítíkà àyẹ̀wò kúrò lójú gíláàsì ní 2015, àyẹ̀wò bíréèkì àti iná sì dópin fún ọkọ̀ àdáni ní Texas ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025, èéfín nìkan ló kù tí wọ́n ń yẹ̀ wò ní Harris County. Ẹ wọ ọgbà akúrẹtẹ̀ lónìí, ẹ ò ní rí Civic 1993 níbẹ̀. Àwọn tó ṣẹ́ kù, àwọn olówó ló ń rà wọ́n; èyí tí kò ní àbùkù ń kọjá 10,000 dọ́là. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé ẹni tó bá ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ní Alief ń bi mí bí wọ́n ṣe lè rí irú ọkọ̀ yẹn rà. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n gbàgbé rẹ̀. Kò sí oògùn nínú Civic 1993. Ó ṣe wá lóore nítorí pé ó rọrùn láti tú, páàtì rẹ̀ pọ̀, kò sì sí ẹni tó ń bá wa du ú. Lónìí, Honda Fit àti Toyota Yaris ló wà ní ipò yẹn: wọn ò tà wọ́n ní tuntun mọ́ ní Amẹ́ríkà, ọgbà akúrẹtẹ̀ kún fún wọn, ẹnikẹ́ni ò sì tíì fi wọ́n ṣe fíìmù. Owó ọwọ́ mẹkáníìkì kò sì tíì já wálẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti pè é fún mi ní 400. Ńṣe ló ń gòkè sí i. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣì ń fi yín rẹ́rìn-ín lóde ìnáwó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí bíréèkì.